Ẹ sọ ibi tó ti wá fún wa: lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin dókítà eyín Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin dókítà wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú ẹnu aráàlú. Olùkọ́ bàálójì ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo sì ń gbé. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la ó fi sọ ọ́. Nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ fi oògùn púrótíìnì sí ìdí eyín ẹnikẹ́ni, kí ohun tó di eyín náà mú lè hù padà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún un ní èdè tó gbọ́, ibi tí púrótíìnì náà ti wá, ibi tí agbára rẹ̀ mọ, àti ohun tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní ẹnu rẹ̀ kí oògùn náà tó lè ṣiṣẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì nínú yín á rẹ́rìn-ín. Á ní, "Bàbá yìí, ṣé púrótíìnì ló kàn ní Ọ̀yọ́ báyìí, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì fọ eyín ní ọsibítù rí?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Púpọ̀ nínú àwa tó wà láàrin Ọ̀yọ́ Aláàfin àti Ògbómọ̀ṣọ́, ọjọ́ tí eyín bá fi wá ṣe àìsùn nìkan la máa ń rántí yín, bá a bá sì dé ọ̀dọ̀ yín, "Ẹ bá mi yọ ọ́" ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa wà ní ìlú ńláńlá. Wọ́n ń gbé bàbá àti ìyá wọn lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni, ibẹ̀ sì ni oògùn wọ̀nyí ti ń dé ẹnu àwọn èèyàn wa. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nísinsìnyí tó ṣì kéré.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fà á tí mo fi jókòó kọ̀wé. Èlùbọ́ ló ń tà ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, Àlàájà ni. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, bí wọ́n bá ń kì í, wọn kì í fo "eyín mẹ́nugún" kọjá, ojú wọn kò sì tàn wọ́n jẹ. Nígbà tó di àgbà, èrìgì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ bó bá ń run orín. Ó kọ́kọ́ rò pé orín ata ló le jù, ó pààrọ̀ rẹ̀ sí pákò mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Nígbà tó yá, eyín ìsàlẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó wá di pé ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu nìkan ló fi ń jẹ ẹran.

Ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn eyín aládàáni kan ní ìlú tí n kò ní dárúkọ, kì í tilẹ̀ ṣe ní ìpínlẹ̀ yìí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn fi púrótíìnì tó ń jẹ́ kí egungun hù sí i. Owó tí wọ́n gbà kì í ṣe kékeré, ìdí nìyẹn tí ọmọ rẹ̀ fi ní kí wọ́n kó páálí oògùn náà fún òun, kí òun mọ ohun tí òun sanwó fún. (Ọmọ oníṣòwò ni, ẹ má bínú sí i.) Nígbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi, mo bá páálí náà lórí tábìlì, mo fa ìwé inú rẹ̀ yọ, mo kà á. Ó wà níbẹ̀ gbangba pé ara eyín àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti yọ púrótíìnì náà. Ẹni tó ṣe oògùn kò fi pamọ́. Ẹni tó fi í sí ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ni kò sọ ọ́.

Mo sọ fún un. N kò lè mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí n wá dákẹ́. Ó bi mí pé, "Tíṣà, ṣé ẹlẹ́dẹ̀ ló wà lẹ́nu mi láti ìgbà yẹn tí mo ti ń kírun?" Ọmọ rẹ̀ pe ilé ìwòsàn náà lórí fóònù. Ìdáhùn tí wọ́n fún un ni pé, "Oògùn ni, kì í ṣe ẹran." Kí n sòótọ́, ìdáhùn yẹn bí mi nínú ju ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ lọ.

Ó kó ọ̀rọ̀ náà lọ bá ààfáà rẹ̀. Ààfáà ní ẹni tí kò mọ̀ kò dẹ́ṣẹ̀. Ó ní àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kò fi ẹnu kò lórí ohun tí wọ́n bá mú lára ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n wá yí ìwà rẹ̀ padà láti fi ṣe oògùn. Àwọn kan gbà á láàyè, pàápàá bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Àwọn kan kò gbà á. Ó wá bi í léèrè: "Ṣé wọ́n sọ fún yín pé ọ̀nà mìíràn kò sí?" Ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un, nítorí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ sọ pé ó yẹ kó bèèrè. Mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní màá lọ wádìí.

Ohun tí mo rí nìyí. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà yìí kì í ṣe tiyín nìkan, ojú àwọn tí ẹ ń tọ́jú náà wà lára rẹ̀.

Eyín kò wọ inú egungun bí ìṣó ṣe ń wọ pákó. Okùn tín-ín-rín, àìmọye, ló so gbòǹgbò eyín kọ́ sínú ihò egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìdí kan okùn náà wà nínú egungun, ìdí kejì wà nínú awọ líle fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo gbòǹgbò. Èrìgì wá bò gbogbo rẹ̀ lókè. Àwọn okùn yẹn ló ń jẹ́ ká mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́ bá wà nínú ẹ̀wà tá à ń jẹ, kí eyín tó fọ́. Àwọn náà ló ń gba agbára nígbà tá a bá ń họ egungun ẹran. Bí nǹkan bá jẹ wọ́n run, tí egungun tó yí wọn ká náà sì yẹ̀, eyín tó funfun láìní ihò kankan lè já bọ́ lódindi. Ìyẹn ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: "Eyín yìí dára, kí ló dé tó fi bọ́?" Ilé tó ń gbé ló wó.

Ohun tó ń wó ilé náà kì í ṣe ọjọ́ ogbó. Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń ka ìwé yìí gbọ́ dáadáa. Ìdọ̀tí tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí eyín kún fún kòkòrò àìfojúrí. Bí a kò bá gbọ́n ọn kúrò, iyọ̀ inú itọ́ á sọ ọ́ di òkúta tí pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì kankan kò lè ká. Èrìgì á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ibi tó dé nìyẹn, fífọ eyín ní ọsibítù àti ìmọ́tótó ojoojúmọ́ á dá a padà sípò. Ṣùgbọ́n bó bá wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìjà tí ara wa ń bá kòkòrò wọ̀nyẹn jà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ egungun, àpò á sì là sáàrin èrìgì àti gbòǹgbò. Ẹni tí ara rẹ̀ yá, àpò tirẹ̀ kò ju mìlímítà 1 sí 3 lọ. Bó bá ti di 5, 6, 7, kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè dé ìsàlẹ̀ ibẹ̀ mọ́, egungun tó sì ti lọ kò ní dá padà fúnra rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ ní 2022 pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 1 èèyàn ló ní èyí tó le gan-an nínú àìsàn yìí. Àtọ̀gbẹ ń jẹ́ kó yára, òun náà ń jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣòroó kó níjàánu. Sìgá ń bà á jẹ́ sí i.

Nígbà tí ẹ bá la èrìgì, tí ẹ sì ṣa òkúta inú àpò náà kúrò, ojú ibẹ̀ á jiná. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa jiná? Ní 1976, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Melcher sọ pé irú sẹ́ẹ̀lì tó bá kọ́kọ́ dé ara gbòǹgbò ló ń pinnu irú ìjiná tí a ó rí. Awọ òkè èrìgì ló ń yára jù. Bó bá sáré wọ ìsàlẹ̀ kí àwọn yòókù tó dé, á bo gbòǹgbò, okùn tuntun kò ní rí ibi so mọ́. Bí sẹ́ẹ̀lì egungun bá dé ṣáájú, egungun lè lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò gbagidi láìsí okùn láàrin wọn, ìyẹn náà kò dára, nítorí ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gbòǹgbò náà díẹ̀díẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́kù lára okùn àtijọ́ ni a fẹ́ kó dé ibẹ̀, ọlọ́wọ́ jẹ́jẹ́ sì ni wọ́n. Ní 1982, Nyman, Lindhe àti Karring ní Sweden fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan dí ọ̀nà mọ́ èrìgì, kí àwọn ọlọ́wọ́ jẹ́jẹ́ yẹn lè ráyè. Lẹ́yìn oṣù 3, wọ́n rí i pé okùn tuntun ti so mọ́ gbòǹgbò eyín èèyàn alààyè. Láti ìgbà yẹn ni kò ti sí ẹni tó lè sọ mọ́ pé ohun tó di eyín mú kò lè hù padà.

Púrótíìnì dé lẹ́yìn ìyẹn. Ní Stockholm, Lars Hammarström àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo bí eyín ọmọdé ṣe ń dá. Púrótíìnì kan wà tí ara ń tú jáde nígbà tí ara funfun líle tó bo eyín lókè bá ń dá. Amelogenin ni orúkọ rẹ̀, òun ló sì pọ̀ jù, ó ju ìdá 90 nínú 100 púrótíìnì ibẹ̀ lọ. Wọ́n rò ó pé irú púrótíìnì yìí kan náà ní ọwọ́ nínú dídá awọ líle tó bo gbòǹgbò, èyí tí okùn ń so mọ́. Wọ́n bi ara wọn pé: bí a bá tún fi í sí ara gbòǹgbò àgbàlagbà tó ti ṣàìsàn, ṣé ara kò ní rántí iṣẹ́ tó ṣe nígbà èwe? Ó rántí díẹ̀. Oògùn tó jáde láti inú ìbéèrè yẹn ni wọ́n ń tà ní orúkọ Emdogain. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1996.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ kò ní àṣírí kankan nínú. Ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pa fún ẹran ní ilẹ̀ wọn ṣì kéré, nǹkan bí oṣù 6, eyín tí kò tíì yọ sì pọ̀ nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Inú àwọn eyín tí kò tíì yọ yẹn ni púrótíìnì náà pọ̀ sí. Ó tún jọ ti èèyàn tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ara wa kì í fi í bá a jà. Bí mo bá ń kọ́ ọmọ ilé ìwé, ibi tí màá ti máa yọ̀ nìyí. Ṣùgbọ́n àwíjàre onísáyẹ́ǹsì kò lè dípò ìyọ̀ǹda ẹni tó ni ẹnu. Àìmọye èèyàn ní ìpínlẹ̀ yìí ló ń kírun. Àwọn ẹlẹ́sìn Kristi tó ń pa ọjọ́ Ìsinmi mọ́ wà tí wọn kì í fẹnu kan ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ èèwọ̀ ìdílé wọn. Kò sí èyí tó ṣòro láti bèèrè nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ibi tí agbára rẹ̀ mọ, nítorí ó dùn mí pé wọ́n ta á fún ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni ta àgbo gbogbo-ǹ-ṣe. Àkójọ ìwádìí tí àjọ Cochrane ṣe ní 2009 fi hàn pé, lẹ́yìn ọdún 1, níbi tí wọ́n fi oògùn yìí sí, ohun tó di eyín mú so padà mọ́ gbòǹgbò fi nǹkan bíi mìlímítà 1.1 ju ti ibi tí wọ́n kàn là tí wọ́n sì fọ̀ lọ. Mìlímítà 1 àti díẹ̀. Nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣe dáadáa jù, ó tilẹ̀ kéré sí bẹ́ẹ̀. Wọn kò rí ẹ̀rí pé eyín tó kù sẹ́nu pọ̀ sí i nítorí rẹ̀. Mìlímítà 1 lè jẹ́ ohun ńlá ní ìdí eyín, n kò fojú tín-ín-rín wò ó; ẹni tí àpò rẹ̀ bá ti 6 bọ́ sí 4, ó ti bọ́ sí ibi tí a ti lè máa tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sanwó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé mìlímítà ni òun ń rà, kì í ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ tuntun.

Ibi tó sì ti ń ṣiṣẹ́ kò pọ̀. Ihò tó jìn tó sì há, tí ògiri egungun ṣì yí i ká, ló dára fún. Níbi tí egungun bá ti lọ sílẹ̀ gbọọrọ yí gbogbo eyín ká, kò sí ohun tó fẹ́ dì mú. Gbòǹgbò gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní. Wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì EDTA, oògùn tó ń fọ ara gbòǹgbò mọ́, ìdá 24 nínú 100, pa ara gbòǹgbò fún ìṣẹ́jú 2, wọ́n á fi omi ṣàn án, wọ́n á wá fi púrótíìnì sí i kí ẹ̀jẹ̀ tó kàn án, kí wọ́n tó rán an. Kì í ṣe nǹkan tí ẹnikẹ́ni lè fi abẹ́rẹ́ gún sí èrìgì ní ẹ̀bá ọ̀nà. Mo sọ èyí nítorí mo mọ ìlú mi. Àwọn tó ń kiri oògùn eyín nínú bọ́ọ̀sì Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin, bí wọ́n bá gbọ́ pé "púrótíìnì" ń mú eyín dúró, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n á ti kọ ọ́ sára ìgò.

Ẹni tó bá ń mu sìgá kì í rí èrè tó tó ti ẹlòmíì gbà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì fọ ẹnu rẹ̀ dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, owó rẹ̀ ti ṣòfò.

Ó wá ku ìbéèrè ààfáà. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà mìíràn wà. Ní 2005, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí púrótíìnì mìíràn tó ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì wá sí ojú ọgbẹ́. PDGF ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fi jíìnì èèyàn sínú yíìsì, irú ìwúkàrà tí àwọn oníbúrẹ́dì mọ̀, yíìsì náà wá ń ṣe púrótíìnì náà jáde. Ẹlẹ́dẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ní 2016, Japan fọwọ́ sí òmíràn, FGF-2, fún àìsàn yìí gan-an. Òmíràn tún wà, BMP-2, tó lágbára gan-an láti mú egungun hù, ṣùgbọ́n ní ìdí eyín, ìbẹ̀rù wà pé egungun lè lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò bí mo ṣe sọ lókè. Wọ́n ń lò ó ní ibi tí eyín kò sí mọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ́n, ọ̀nà wọn sì jìn sí wa.

Èyí tí mo rò pé ó bá wa mu jù ni ti ẹ̀jẹ̀ ara ẹni. Ní 2001, Joseph Choukroun ní Faransé gbé e jáde: ẹ fa ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ẹ fẹ́ tọ́jú sínú túùbù láìfi oògùn kankan kún un, ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí túùbù kíákíá, irú èyí tó wà ní láàbù, ẹ jẹ́ kó yí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Ohun tó dì ní àárín túùbù náà kún fún àwọn horo tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àwọn horo yẹn sì ń tú PDGF àti àwọn púrótíìnì ìwòsàn mìíràn jáde fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹ̀ ń mú un, ẹ̀ ń fi í sí ihò egungun náà. Ìwádìí ti fi hàn pé ihò tó há tó jìn ń sàn ju ti ẹni tí wọ́n kàn là tí wọ́n fọ̀ lọ. Kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀, kì í ṣe màlúù, kò bá ọkọ̀ òfuurufú dé. Iná mànàmáná ìṣẹ́jú 10 ló fẹ́, ẹ̀rọ ínfátà kékeré tó fún un. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni ìmọ́tótó àti ìṣọ́ra, nítorí ẹ̀jẹ̀ ni, àrùn mẹ́dọ̀wú sì wà láàrin wa. Bí ẹnì kan bá wà tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ jáde kí wọ́n tún dá a padà, òun náà gbọ́dọ̀ gbọ́ kó tó fara balẹ̀ lórí àga.

Mo lè gbọ́ ẹni tó ń sọ pé, "Baba, ẹ fẹ́ ká máa ṣe ìwàásù fún gbogbo aláìsàn, ṣé ẹ rí bí wọ́n ṣe tò síta ni?" Mo rí wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú rere ni mo ń bèèrè. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 2014, ní abala 23, ní kí ẹni tó ń tọ́jú sọ fún ẹni tí wọ́n ń tọ́jú ipò tí ara rẹ̀ wà, àwọn ọ̀nà ìtọ́jú tó wà, àǹfààní wọn, ewu wọn, iye tí wọ́n ń náni, àti pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Ó tún ní kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè tó gbọ́ níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí wọ́n sì ro bó ṣe mọ̀wé tó. Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, èdè yẹn kò fara sin. Ẹ̀yin náà ń sọ ọ́ nílé.

Bẹ́ẹ̀ sì ni n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka lẹ́tà yìí tán kó máa sáré wá oògùn púrótíìnì. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí eyín ń mì tí mo bá bá pàdé ní Tákíé, èrò mi ni pé ohun tí ọ̀pọ̀ wọn nílò jù ni kí ẹnì kan fi irin kékeré wọn àpò èrìgì wọn, kó sọ nọ́ńbà rẹ̀ fún wọn, kó sì fọ eyín wọn jálẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa sọ nọ́ńbà yẹn. Ìyá tó ń lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ̀ pé 180 kì í ṣe ohun àmúṣeré, á sì padà wá nítorí nọ́ńbà yẹn. Kí ló dé tí kò fi yẹ kó mọ̀ pé 7 wà ní ìdí eyín òun? Ẹni tó bá mọ 7 á fẹ́ kó di 4. Ẹni tí wọ́n kàn wí fún pé "èrìgì yín kò dára" á lọ ra iyọ̀ àti álọ́ọ̀mù.

Ẹ tún bá wa já irọ́ kan, èyí tí mo ń gbọ́ láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré: pé fífọ eyín ní ọsibítù ló ń jẹ́ kí eyín mì. Mo mọ ibi tó ti wá. Egungun ti lọ tipẹ́, òkúta ìdọ̀tí ló ń há àwọn eyín mọ́ ara wọn. Ọjọ́ tí wọ́n ká òkúta náà kúrò ni ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ bí eyín rẹ̀ ṣe ń mì tó. Ó wá di ẹ̀bi dókítà. Bí ẹ bá sọ èyí fún un kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kò ní lọ sọ ohun mìíràn ládùúgbò.

Èyí tó kan yíyọ náà wà níbẹ̀. Mo gbà pé eyín mìíràn kò ní àtúnṣe, kí wọ́n yọ ọ́ ló dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní eyín tó ṣeé dá dúró, kí ẹ sọ fún un pé ẹ̀ka tó ń tọ́jú èrìgì wà ní UCH Ìbàdàn, kí ẹ kọ̀wé fún un, kó lọ. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn kò jìnnà tó eyín tí kò lè hù mọ́. (Ti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, a mọ ojú tá a ti rí lórí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.)

Ohun tí mo ń fẹ́ kí ẹ ṣe kò ní náni lówó rẹpẹtẹ. Ẹ ṣe ìwé ojú kan ṣoṣo ní èdè Yorùbá, kó wà lórí tábìlì gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín ní ìpínlẹ̀ yìí, ti ìjọba àti ti aládàáni. Kó wà níbẹ̀ pé oògùn tí a fẹ́ lò yìí, ara ẹlẹ́dẹ̀ ló ti wá, tàbí ara màlúù, tàbí inú yíìsì, tàbí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yin fúnra yín. Kó sọ iye mìlímítà tí àpò yín jẹ́ lónìí àti iye tí a ń retí. Kí àyè wà tí a ti lè fàmì sí i pé a gbà tàbí a kò gbà, kí ẹ sì fún wa láyè láti mú un lọ sílé lọ bi ọkọ, aya, ọmọ, ààfáà tàbí pásítọ̀ kí a tó fèsì. Ìdí eyín tó ti ń yẹ̀ láti ọdún pípẹ́ lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ kíkọ bá jẹ́ ìṣòro, mo ṣe tán láti bá yín kọ ọ́ lófẹ̀ẹ́. Mo ti ń ṣàlàyé bàálójì fún ọmọ Yorùbá ní èdè Yorùbá látọjọ́ tó ti pẹ́, nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé kò bá sí nítòsí. Kí ẹnì kan nínú yín wo sáyẹ́ǹsì rẹ̀, kó tún un ṣe níbi tó bá ti yẹ, kí ẹ tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ní eyín náà lẹ́nu. Ó ti dúró ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mi ò ní sẹ́ ẹ. Ó ní òun kò ní yọ ọ́, ṣùgbọ́n eyín kejì tó wà lápá òsì ti ń ṣẹ̀jẹ̀, ó sì ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun kò ní padà sí ibi yẹn. Ó ń wá dókítà tó máa kọ́kọ́ bá òun sọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan nínú yín bá wà ní Ọ̀yọ́ tó ní ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀, tàbí tó mọ ibi tó wà, kó jẹ́ ká gbọ́.

Èmi ni,
Olùkọ́ bàálójì tó ti fẹ̀yìn tì,
Agbègbè Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́.